Ìwé Ara Ilẹ̀kùn

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ẹgbẹ́ awakọ̀ òfurufú
ní pápákọ̀ Ìlọrin:
ìpàdé di Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì.
Owó oṣù mẹ́ta kò tíì wọlé, ẹ túbọ̀ ní sùúrù.
Ẹnìkan ti fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ ibẹ̀:
“Ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò,
owó ilé-ìwé ọmọ ni kò tó.”

Ọyẹ́ dé. Bí ẹ kò bá rí Òkè Sóbì,
ẹ má balẹ̀, ẹ padà sí Àbújá.

Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí yíǹkì ti ń ṣá:
Kápítéènì Mùínátù fẹ̀yìn tì lánàá.

Òun ló kọ́ mi pé kò sí títì lókè,
pé etí la fi ń wá ilẹ̀ nínú ọyẹ́.

Mo dúró díẹ̀.
Mo lọ wo táyà.