Méjìlá Nínú Páálí

Ìyàwó mi rò pé bàtà ni mo rà.
Páálí bàtà ló rí lábẹ́ apá mi, ó fajú ro:
oṣù kẹta rèé tí ilé ìtẹ̀wé ti ní kí n máa lọ sílé.
Bàtà wo?
Ni páálí bá ké.
"Bàbá Ṣẹ́kínà, kí lẹ gbé wọlé yìí?"
Mo ní ọrọ̀ ni.
Ó wò mí títí, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Méjìlá. Ọmọ ọjọ́ kan.
Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní Múṣín búra,
ó fi ìka kan ahọ́n, ó nà án sókè:
ẹyin ni gbogbo wọn máa yé, àkùkọ kankan kò sí níbẹ̀.
Ó ní kí n gbé iná sí wọn lórí, kí ooru má wọ́n wọn.
Bí òtútù bá mú ọmọ adìẹ,
kì í wúkọ́, kì í sọ pé ó rẹ òun,
ó kàn ń sùn ni.

Iná! Ní Ṣómólú!
Gílóòbù tàn títí di aago mẹ́wàá, Nẹ́pà mú un lọ.
Mo rọ omi gbígbóná sínú ike,
mo fi àkísà wé e, mo tẹ́ ẹ sáàárín wọn.
Wọ́n sún mọ́ ọn. Wọ́n gbórí lé e.
Ike lásán, wọ́n sọ ọ́ di ìyá.
Mo jókòó tì wọ́n di ìdájí,
èmi tí n kò jí rí nígbà tí àwọn ọmọ tèmi ń ké lóru.
Ìyàwó mi ló sọ bẹ́ẹ̀ látinú òkùnkùn.
N kò fèsì.

Ìwé tí mo tẹ́ sábẹ́ wọn, ìwé ibi iṣẹ́ ni,
èyí tí a tẹ̀ tí kò gún:
ètò ìsìnkú Màmá Julianah Olúfadékẹ́,
ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Ẹ̀rọ ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyá ní ètè mẹ́rin.
Lójú rẹ̀ ni wọ́n ń rìn, lójú rẹ̀ ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí.
"Ẹ má bínú, Mọ́mì," ni mo máa ń wí láràárọ̀ bí mo bá ń ká a.

Ọjọ́ kẹrin, méjì sùn.
Ọjọ́ kẹfà, eku gbé ọ̀kan,
eku àdúgbò wa, tí ológbò ń kí kó tó kọjá.
Ṣíbí ìjẹun ni mo fi gbẹ́lẹ̀ fáwọn méjì
níbi tí símẹ́ńtì ti là lẹ́bàá ògiri.
Ẹni tó ń sin adìẹ,
ẹni tó ń sin adìẹ:
ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́, èwo lèmi?

Ìyá Múínà tó wà níwájú ilé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
"Ta ló ń bu omi sí abọ́ gbàǹgbà fún ọmọ adìẹ?
Ẹ kó òkúta sí i, kí wọ́n yé rì!"
Mo kó òkúta sí i.

Mo fi fèrèsé àlòkù kan ilé fún wọn lẹ́yìn kànga.
Lánlọ́ọ̀dù dé, áńkáṣíìfù nímú:
"Ilé ni mo kọ́, n kò kọ́ ọgbà ẹran."
Mo fi ẹyin bẹ̀ ẹ́, ẹyin tí ẹnikẹ́ni kò tíì yé.
Lóru ọjọ́ náà gan-an, aago mẹ́ta,
ọ̀kan nínú "gbogbo wọn ló máa yé" kọ.
Kò tilẹ̀ kọ dáadáa,
ó ń ṣẹ́ bí ohùn ọmọkùnrin tó ń bàlágà.
Mo rántí ìka ọkùnrin Múṣín nì, mo borí.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlélógún, ọjọ́ Àlàmísì.
Ìyàwó mi wọlé, ọwọ́ rẹ̀ pa dé.
Ó ṣí i díẹ̀.
Ó kéré, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà lára rẹ̀, ó ṣì gbóná.
"Julianah ló yé e," ni ó wí.
Ta ni Julianah?
"Ṣebí ẹ̀yin lẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún wọn.
Ẹ má wulẹ̀ wojú mi. Lánlọ́ọ̀dù á dúró."