Ebi Kì í Pa Ọmọ Inú Ìwé

Ní Ọ̀fà, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin,
yàrá kan wà tí bàbá mi ti ń ránṣọ kó tó kú.
Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀,
mo fi tábìlì ìgéṣọ ṣe tábìlì ìkọ̀wé.
Ojú àlùmọ́gàjí ṣì wà lára pákó náà;
bí bírò bá kan ibẹ̀, lẹ́tà á fò,
àwọn ọmọ á ní, "Àǹtí, bàbá yín tún ti gé ọ̀rọ̀ wa."

Mẹ́fà ni wọ́n. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ń wá.
Ọláwọyin, tí ìtàn rẹ̀ kì í parí láìsí pẹnáríti;
Fádékẹ́mi, tó ń pa gbogbo ìyá ní ojú ìwé kìíní;
àwọn ìbejì Alùfáà Sàláwù,
ọ̀kan ń kọ, èkejì ń pa á rẹ́;
Múfútáù, tí kì í la ẹnu àfi bó bá fẹ́ ka tirẹ̀.
Ìkẹfà ni Múìbátù.

Wọ́n ní òǹkọ̀wé ni mí. Òótọ́ ni.
Ìwé méjì ni mo ti kọ fún àwọn ọ̀dọ́,
páálí mẹ́ta ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, eku ló ń kà wọ́n.
Ìkẹta ti pé ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ mi:
mo kọ, ó kọ̀;
mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, ó tún kọ̀.
Ṣé ẹni tí ọ̀rọ̀ kọ̀ sílẹ̀ ló ń kọ́ ọmọ ní kíkọ yìí?
N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń ra bírò.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, mo máa ń sọ fún wọn,
ẹ má sá fún gbólóhùn tó bá gbé yín ṣubú,
ẹ dìde, ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù, ẹ tún dì í mú ní ìbàdí.
Wọ́n á rẹ́rìn-ín.
Èmi fúnra mi, ẹ̀yìn mi ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọyẹ́ ń la ètè,
mo ní kí n ka tèmi fún wọn,
orí kẹsàn-án, níbi tí ọmọdébìnrin náà
ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wá ìyá rẹ̀ ní Kàdúná.
Mo kà á dáadáa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún fún ara mi.
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Múìbátù nìkan ni kò pa tirẹ̀;
ó ń fi èékánná họ ojú àlùmọ́gàjí.
"Àǹtí, ọjọ́ mélòó ló lò lójú ọ̀nà?"
Mo ní ọjọ́ mẹ́ta.
"Ebi ò wá pa á ni?"

Yàrá pa rọ́rọ́.
Mo ṣí ìwé náà sẹ́yìn, mo ṣí i síwájú:
ọgọ́fà ojú ìwé,
ọmọ náà sunkún, ó lálàá, ó rántí, ó dárí jini,
kò fi nǹkan kan kan ẹnu.
Òǹkọ̀wé tó yó ló bí i.

Mo wo Múìbátù. Mo wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀.
Aago mẹ́ta ti lù.
N kò bi í pé kí ló jẹ láàárọ̀,
ìbéèrè rẹ̀ ti dá mi lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, kí a tó ṣí ìwé,
ìkòkò ànàmọ́ a máa hó lórí sítóòfù
níbi tí áyọ́ọ̀nù eléèédú bàbá mi ti ń jókòó.
Ọláwọyin a máa fi èèpo gbá bọ́ọ̀lù.
Fádékẹ́mi ti jẹ́ kí ìyá kan yè dé ojú ìwé kẹrin.
Múìbátù a máa di méjì sétí híjáàbù,
ti àbúrò òun ni, ó wí.
Èmi ò rí nǹkan kan.

Lálẹ́, mo padà sí orí kẹsàn-án.
Ọkọ̀ dúró ní Jẹ́bà.
Ọmọ náà yọ orí lójú fèrèsé,
obìnrin kan tí n kò mọ̀, tí n kò pète rẹ̀,
gbé igbá ẹja yíyan bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin.
Ọmọ náà ní òun kò lówó.
Mo gbé bírò sókè, mo ń dúró
kí n gbọ́ ohun tí obìnrin náà máa sọ.