Ilé Tí Mo Bá Wọn Kọ́

Oyèládùn, sún àtùpà yẹn mọ́ mi díẹ̀.
Kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀kan sí i, rọra kà á,
ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún ọ ní kàfé Tákíè:
igba ó dín méjì ni Jáḿbù fún ọ,
igba ó lé ogójì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń béèrè.
Máàkì méjìlélógójì.
Bó bá ṣe búlọ́ọ̀kù ni, ǹ bá mọ wọ́n kílẹ̀ tó mọ́.

Mo mọ yunifásítì yẹn o.
Gbogbo Ogbómọ̀ṣọ́ ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá,
èmi mọ̀ ọ́n láti ìpìlẹ̀ dé páànù.
Gbọ̀ngàn tó kọjú sí títì, èmi àti Súlè la mọ ọ́
lọ́dún tí òjò kọ̀, tí a ń fi táńkà ra omi.
Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí ni wọ́n gbọ̀n wá síta bí eruku,
wọ́n ti ilẹ̀kùn.
Wọ́n ń kọ́ nínú ohun tí mo kọ́,
ogún ọdún rèé,
n kò mọ ohun tí wọ́n ń kọ́.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.
O ní Ìmọ̀ Erùpẹ̀ ni wọ́n fi lọ̀ ọ́,
mo ní erùpẹ̀ kẹ̀?
Ṣé ọdún márùn-ún la fi ń wo ilẹ̀?
Ẹ̀gbọ́n mi ti Màsífà bu epo sí i:
ẹni tó ń lọ sóko, kí ló ń yà sílé-ìwé ṣe?
Ó ní ká mú ọ lọ sí ti aládàáni, níbi tí kò sí ìyanṣẹ́lódì,
níbi tí owó ọdún kan tó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta.
Mo bi í pé èwo nínú ilé tí n kò ní ni ká tà.

Òru ni mo tó rò ó.
Kí n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ta ló ń bu ilẹ̀ sọ́wọ́?
Èmi tí mo ń fún un, tí mo ń gbóòórùn rẹ̀,
tí mo ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò bí ẹnì kankan ò bá wò mí.
Mo mọ̀ pé ilẹ̀ dúdú etí odò máa ń wú lójò,
a sì la ògiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
N kò mọ ìdí.
Ẹnì kan ti ń kọ ìdí rẹ̀ sára bọ́ọ̀dù
lẹ́yìn ògiri mi.

Ọ̀rọ̀ owó. Jókòó.
Alájẹṣẹ́kù á yá mi ní ìlàjì.
Ẹ̀yáwó ìjọba, èyí tí ẹ ń fi fóònù bẹ̀,
ilé-ìwé ni wọ́n á san án fún, orúkọ rẹ ni yóò jẹ gbèsè.
Má tẹ "mo gbà" láìka ìsàlẹ̀:
báyìí ni mo ṣe buwọ́ lùwé kọntirákítọ̀ kan,
oṣù mẹ́ta, a ò rí kọ́bọ̀.
Ìdì páànù mẹ́rin wà lẹ́yìn yàrá,
mo fi wọ́n de ilé tèmi.
Ìyá rẹ ti gbọ́. Aṣọ ló ń ká lọ, kò fèsì.
Kò sí òrùlé tí kì í dúró de ìpìlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá ṣì wà lọ́kàn rẹ, wí.
Jáḿbù ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.
Má bá mi fẹ́ràn erùpẹ̀
nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

O dákẹ́. O ń fi èékánná họ etí tábìlì.
O wá ní, "Bàbá, Kẹ́mísírì wà níbẹ̀ o."

Kẹ́mísírì. Ilé gígùn yẹn, onífèrèsé aláwọ̀ ewé?
Gbọ́. Lọ́jọ́ tí o bá wọbẹ̀,
má jókòó ti ògiri apá ìlà-oòrùn.
Mo mọ iye sìmẹ́ńtì tí wọ́n ní kí n fi sí i.