Oṣù Mẹ́sàn-án Abo Màlúù

Dókítà Halmos fi ìka tẹ àwòrán tó wà lára ògiri:
"Ẹ wo ibí yìí, Ìyá Kreszenz. Ilẹ̀ ti tán."
Òótọ́ ni. Párì mi ti jó rẹ̀yìn
bí ọṣẹ tí gbogbo ilé fi wẹ̀ láti ọjọ́ Ajé,
ó ku fẹ́lẹ́, ó ku etí abẹ.
Eyín mẹ́rin ló lọ lápá òsì:
ọ̀kan nígbà tí mo bí Vinzenz,
méjì sọ́wọ́ oníṣègùn kan tó fẹ́ràn ọtí ju aláìsàn lọ,
ọ̀kan, kí n má purọ́, Zenta ló fi pátákò gbà á
lówùúrọ̀ tí yìnyín dí ẹnu ọ̀nà.
Eegun ní bí àlejò kò bá sí nínú yàrá, kí lòun ń ṣọ́?
Ó ń palẹ̀ mọ́ lálaalẹ́, kò sọ fún mi.

Ogún ọdún ni mo fi eyín àtọwọ́dá ṣe ẹnu.
Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o:
tèmi wó sínú ọbẹ̀ elégédé níbi ìsìnkú ọkọ mi,
gbogbo ẹgbẹ́ panápaná ń wò mí,
àlùfáà yíjú sí fèrèsé bí ẹni pé ẹyẹ kan ń kọjá.
Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín.
Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ ọ̀hún ò ti kúrò níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi wọ bọ́ọ̀sì aago márùn-ún
láti orí òkè wa ní Sítíríà wá sí ìlú Họ́ńgárì yìí,
níbi tí ilé oníṣègùn eyín ti pọ̀ ju ilé búrẹ́dì lọ.
Arúgbó bíi tèmi ló kún inú ọkọ̀.
Kò sẹ́ni tó la ẹnu.

Wọ́n pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kú, wọ́n ṣí èrìgì bí ẹni ṣí àpòòwé.
Dókítà da nǹkan funfun sínú àwo kékeré,
ó rí bí iyọ̀ tí à ń fún màlúù lá.
Ó pò ó mọ́ ẹ̀jẹ̀ èmi fúnra mi,
ó ń fi ṣíbí tí kò tó èékánná kó o sí kòtò.
Mo fi ojú bi í. Ó ní: "Eegun màlúù ni.
Wọ́n ti sun ún, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Ó dà bí igi tí a rì fún ẹ̀wà,
eegun tiyín ni yóò fà gùn ún."
Òwú kún ẹnu mi, n kò lè fèsì.
Omi bọ́ lójú mi. Nọ́ọ̀sì rò pé ó ń dùn mí.

Ogójì ọdún ni mo fi jí ṣáájú oòrùn,
tí mo gbórí lé ìhà wọn, tí mo fún wàrà:
Zenta, Scheck, Bleaml tí ń bẹ̀rù agboòrùn.
Nígbà tí orúnkún mi kọ̀, ọkọ̀ wá kó wọn.
N kò jáde. Mo jókòó nílé ìdáná, mo ń wo aago.
Ta ló wá mọ ẹni tí wọ́n lọ̀ kúná sínú àwo yẹn?
Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin;
arúgbó tí kò ní párì, màlúù ló yá a ní tirẹ̀.

"Oṣù mẹ́sàn-án," ni dókítà wí, "kí a tó lè rì irin."
Ó ń wò mí bí ẹni ń retí igbe.
Oṣù mẹ́sàn-án! Ta ló ń kọ́ nìyẹn?
Iye tí abo màlúù fi ń lóyún ni.
Mo délé, mo wọ ilé màlúù tó ṣófo.
Kàlẹ́ńdà tí ilé-iṣẹ́ wàrà ṣì ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún wà lórí ìṣó.
Mo fi gègé pupa fa ìlà sí ọjọ́ náà
bí mo ṣe máa ń fà á lọ́jọ́ tí akọ bá gùn wọ́n.
Mo kọ orúkọ mi sí i.

Wọ́n ní kí n má fi ahọ́n tọ́ ọ. Ahọ́n ò gbọ́.
Bílẹ̀ bá ti ṣú, ó ń yọ́ lọ síbẹ̀
bí ọmọdé tó ń yọjú wo ibi tí ajá bímọ sí.
Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó le ju ti àná lọ.
N kò tíì ní eyín o.
Lọ́jọ́ Àìkú, ẹran màlúù wà lórí tábìlì Vinzenz.
Ó ní, "Ìyá, a ti gé e wẹ́wẹ́ fún yín."
Mo ní rárá, ẹ bù ọ̀dùnkún fún mi.