Ìṣẹ́jú Márùndínlógún

Gíláàsì omi kan ló yanjú ọ̀rọ̀ náà,
tàbí kí n ní òun ló jẹ́ kó le.
Èmi ni akọ̀wé. Iṣẹ́ mi kò ju kí n gbọ́, kí n sì kọ.
Ìpàdé mọ́kànlá ni mo ti kọ fún Ìparapọ̀ Àwọn Onílé-iṣẹ́ Oògùn;
mo mọ ẹni tó ń sùn, mo mọ ẹni tó ń díbọ́n pé òun ń kàwé.

Yàrá òkè ni, ní Dar es Salaam, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí èbúté.
Ẹ̀rọ amúlétutù ń kán sínú korobá.
Àsíá méjìlá wà lórí tábìlì;
ìkẹtàlá wà nínú àpótí mi, nítorí wọn kò san owó ẹgbẹ́.

Mzee Mwakalinga ni alága wa.
Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn: ó ṣe é.
Nígbà tí wọ́n ń gbowó ibodè lórí ìyẹ̀fun tí a fi ń ṣe oògùn,
tí èyí tí wọ́n ṣe tán lókè òkun sì ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́,
òun ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà mínísítà fún ọjọ́ mẹ́rin,
tòun ti búrẹ́dì nínú àpò, títí wọ́n fi dá a lóhùn.
Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ lórí àga nìyí.
Mẹ́fà ni òfin ẹgbẹ́ sọ.

Àbá kẹrin: kí ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò lè wọ ilé iṣẹ́ gbogbo, ti alága náà kò gbẹ́yìn.
Mzee rẹ́rìn-ín. "Tèmi? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sí ìpàdé tó ń bọ̀."
Ìpàdé tó ń bọ̀ ti ń bọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ̀wé.

Nabukeera dìde, ará Kampala,
tí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ kò tóbi ju gáréèjì lọ.
Kò sọ̀rọ̀. Ó ya páálí kan, ó tẹ hóró oògùn ibà kan jáde,
ó jù ú sínú gíláàsì omi,
ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì.
Gbogbo wa mọ orúkọ tó wà lára páálí.

Ìṣẹ́jú márùndínlógún ni hóró fi yẹ kó tú nínú omi.
Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Àgbààgbà wá dákẹ́, à ń wo omi.

Ìkẹta: funfun díẹ̀ yọ lára rẹ̀ bí èéfín, ó tán.
Ìkeje: Chishimba ará Lusaka ń fi bírò ha irùngbọ̀n.
Ọkọ̀ kan fọn fèrè lébùúté.
Ìkẹwàá: mo rí i pé mò ń gbàdúrà, n kò sì mọ ẹni tí mò ń gbà á fún,
Mzee ni, àbí ọmọ kan tó gbé irú rẹ̀ mì lánàá
ní abúlé tí kò sí nínú ìwé wa,
tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ lé e níwájú orí, tó ń dúró.

Wọ́n ní oògùn tí kò jẹ́, ewé kan ló kù níbẹ̀.
Èyí, ewé pé. Ta ni kò pé?

Ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Hóró náà wà nísàlẹ̀ bí òkúta odò,
òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣì ṣeé kà.

Akápò wúkọ́. "Akọ̀wé, má kọ ìyẹn."
Mo gbé bírò sókè.
Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́;
ẹnikẹ́ni kò sọ ẹni tí yóò bá àgbà tún tirẹ̀ ṣe.

Mzee bọ́ awò ojú. Ó fa gíláàsì sún mọ́ra,
ó wò ó pẹ́, bí ẹni ń wo fọ́tò ara rẹ̀ nígbà èwe.
Ó ní, "Kọ ọ́."
Ó tún ní, "Nọ́ńbà ara páálí náà. Gbogbo rẹ̀."
Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi kò gún lójú ìwé yẹn.

N kò ní sọ pé ó fi àga sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀.
A dìbò lórí àbá kẹrin, méje sí márùn-ún,
mo sì rí ọwọ́ tirẹ̀: kò ga, ṣùgbọ́n ó wà lókè.

Nígbà tí yàrá ṣófo, Bi Mwanahawa wá kó gíláàsì.
Ó da omi nù láìwò ó.
Mo gbọ́ hóró náà lórí irin ìfọwọ́:
kín-ín.