Mọ́tò Reino
Òtútù Kemijärvi a máa bu etí jẹ.
Ogójì ìṣísẹ̀ ni láti ẹnu ọ̀nà dé gáréèjì;
Hilkka ti kà á.

Reino ti lọ láti ìgbà tí èso igbó pọ́n.
Hilkka ò mọ ọkọ̀ wà, kò tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ ọ́n.
Àmọ́ lórí ibùsùn ọsibítù ni Reino ti wí pé,
"Má jẹ̀ẹ́ kí bátìrì yẹn kú o,"
bí ẹni ń fa ọmọ léni lọ́wọ́.

Bátìrì tó bá jókòó lásán, ara rẹ̀ ní í jẹ.
Aago inú ọkọ̀ ń mu díẹ̀díẹ̀,
òtútù ń mu ìyókù.
Ó fi wáyà pupa há orí kan,
dúdú há èkejì,
ó jókòó sáyè awakọ̀, ọwọ́ lápò,
ó ń wo iná pupa bíńtín
títí tó fi di àwọ̀ ewé.

Outi pè láti Oulu: "Màmá, ẹ tà á."
"Ta ni yóò rà á?"
Ó pa fóònù.

Lónìí ó ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì gbayawu,
ó yí kọ́kọ́rọ́.
Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó jí.
Rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀
níbi tí Reino fi í sí.
Hilkka ò pa á.
Ó ní kó ka ìròyìn ojú ọjọ́ tán ná.