Òkun Tó Wà Lábẹ́ Kétu

Kétu ń gbẹ, Akínọ̀ṣọ́ bàbá mi ń gbẹ́.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, èmi ni mo di okùn mú.
Kànga náà ti jìn ju ọ̀pẹ mẹ́ta lọ
nígbà tí agbọ̀n gòkè wá láìsí omi nínú rẹ̀:
amọ̀ aláwọ̀ eérú,
àti ìkarahun kan tí kò tó èékánná ọmọńdinrín.
“Òkun ti sùn síhìn-ín rí,” ohùn rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wá,
bí ẹni tó bá ẹní àlejò nílẹ̀, tí àlejò ti lọ tipẹ́.

Lónìí mo tẹ́ ọ̀pá erùpẹ̀ tí ẹ̀rọ fà jáde sórí tábìlì,
mo ń fi ìka kà á láti ìsàlẹ̀.
Òkúta wẹ́wẹ́. Iyanrìn tó le.
Iyanrìn kíkúnná. Ẹrẹ̀ tó jọ ẹ̀tù.
Òkúta wẹ́wẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.
Mo mọ èyí. Èyí tó wó ni.
Etí òkun ru ẹrù títí ejìká rẹ̀ fi yẹ̀,
gbogbo rẹ̀ dà wọ inú òkùnkùn,
omi pẹ̀lú iyanrìn, eré burúkú, kò sí etí tó gbọ́.
Èyí tó wúwo kọ́kọ́ jókòó,
èyí tó fúyẹ́ ń balẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́.
Bẹ́ẹ̀ náà ni kànga wa ṣe wó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan:
òkúta, iyanrìn, lẹ́yìn náà eruku, eruku, eruku,
okùn sì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n wo ìwọ̀n ìka mẹ́rin yìí.
Ìlà tínńtín lórí ìlà tínńtín, gbogbo wọn kọjú sọ́nà kan.
Sènamí ní èyí tó wó náà ni, kí n má da ara mi láàmú.
Mi ò bá a jiyàn.
Mo mọ ojú ìgbálẹ̀ ìyá mi lórí iyanrìn àgbàlá:
ìdájí, ẹ̀yìn títẹ̀, ọdún méjìlélógún,
obìnrin tí kò sunkún létí ẹnikẹ́ni,
tó ń gbá ohun tó wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, díẹ̀díẹ̀,
títí ilẹ̀ fi ní ojú mìíràn.
Omi kan ń rìn bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ òkun.
Ó tutù. Kì í sọ̀kalẹ̀, kì í gòkè,
ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń tọ̀.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé: omi tó ń rìn.
Mo fi àmì ìbéèrè sí i, nítorí Sènamí.
Níta, garawa ń kan garawa lórí ìlà.
Ọ̀kan ti di igba fránkì.